Kí Ẹ Tó Fi Owó Ìfẹ̀yìntì Ra Ilẹ̀ Etídò

Bí ènìyàn bá dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn afárá Odò Asà ní Ìlọrin nínú oṣù Kejì ọdún, tí ó wo ìsàlẹ̀, yóò rò pé odò náà kò lè pa eṣinṣin. Omi ti fà, òkúta ti yọ orí, àwọn lékeléke sì ń rìn lórí iyanrìn bí ẹni tí ó wà nílé baba rẹ̀. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Èkó. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn ọdún 35, wọ́n sì ti rí ilẹ̀ kan létí odò náà. Kò sí ariwo mọ́tò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga jù. "Jọ̀wọ́, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò," ni ó wí. "Bàbá ní ibẹ̀ ni àwọn ti fẹ́ lo ọjọ́ alẹ́ àwọn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ mi nìkan. Púpọ̀ nínú àwa tí a kò tíì pé ogójì ọdún ni àwọn òbí wa ń fẹ̀yìn tì báyìí. Àwa ni wọ́n ń rán lọ wo ilẹ̀, àwa ni à ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, àwa náà ni a óò sì sáré wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn lóru ọjọ́ tí ìṣòro bá dé. Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń wò.

Kò yà mí lẹ́nu pé Ìlọrin ni Bàbá yàn. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìlọrin ni ó di olú-ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kó àwọn ọmọ Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Kàbbà àti Pàtígi jọ sí ìlú kan náà. Yunifásítì tún dé ní ọdún 1975, òun náà sì kó olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá. Kàbbà bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogí ní ọdún 1991, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti kọ́lé sí Ìlọrin ni ó kó lọ. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni a tún rí àwọn tí ń ti Èkó àti Kàdúná padà bọ̀. Ilé kò wọ́n níbẹ̀ bíi ti Èkó, ọjà wà, ilé ìwòsàn wà, ìlú abínibí kò sì jìnnà. Ẹni tí ó bá lọ síbi ìnáwó ní Ọ̀fà láàárọ̀ lè padà wá sùn sórí ibùsùn rẹ̀ lálẹ́.

Mo lọ wo ilẹ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Lóòótọ́, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ilé mẹ́rin péré ni mo kà. Níwájú ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá."

"O káàbọ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ni o wá wò, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Wọ́n kàn dìde, wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé wọn, wọ́n sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn kan ògiri. Ilà kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó ga dé ìbàdí mi.

"Ibi tí omi dé nìyí. Orí tábìlì ni ìyàwó mi wà, èmi wà lórí àga. Àwọn ọmọ àdúgbò òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n wá pọ̀n wá jáde."

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi kó kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi, owó ìfẹ̀yìntì mi ni ògiri yìí. Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi bí ó bá ti rí ilà yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ẹni tí ó bá ṣi ilẹ̀ rà ní ọmọ ọdún 30 ṣì lè ṣiṣẹ́ kí ó tún òmíràn rà. Ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014: ìdá 8 nínú ìdá 100 owó oṣù ni a ń yọ pamọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ a sì fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà bá fẹ̀yìn tì, ó lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìyókù máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀kan yẹn, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ni à ń kó lọ fún onílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí pé odò dákẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó yẹ kí a mọ ìwà odò náà pẹ̀lú. Láti ìhà gúúsù ni Asà ti ń bọ̀. Ó la Ìlọrin sí apá ìlà-oòrùn àti apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì forí lé àríwá, títí tí omi rẹ̀ fi dé Odò Ọya. Nítorí náà, kò pọn dandan kí òjò tí yóò kún un rọ̀ sórí òrùlé tiwa. Ó lè rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, kí oòrùn máa ràn ní Ìlọrin, kí omi sì máa bọ̀. Àwọn odò kéékèèké inú ìlú tún ń dà sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń da pàǹtí sí i, ilé sì ń fún un mọ́ra ní ọ̀tún àti ní òsì. Omi tí a bá fún mọ́ra yóò wá ọ̀nà gba ibòmíràn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: àgbàrá òjò kò sọ pé òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni ó sì yẹ kí onílé ti kọ̀ fún un.

Ẹni tí ó bá rò pé mo ń dẹ́rù bà á, kí ó rántí ọdún 2012, nígbà tí omíyalé pa ènìyàn tí ó ju 360 lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, àwọn tí ó kú ju 600 lọ, àwọn tí omi sì lé kúrò nílé ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó le gan-an ní àwọn ìlú tí ó wà létí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé. Asà kéré sí àwọn yẹn, ṣùgbọ́n omi tí ó dé ìbàdí ọ̀dọ́ lè gbé àgbàlagbà lọ.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Inú bí Bàbá. Wọ́n béèrè pé ṣé ọmọdé ni yóò kọ́ àwọn ní ilé gbígbé ni. Mo wá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé: "O ti bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ṣé o ti bi Màámi?" Kò tíì bi wọ́n. Nígbà tí ó bi wọ́n, Màámi ní ohun mẹ́ta ni àwọn fẹ́: kí àwọn lè fi ẹsẹ̀ àwọn rìn lọ síbi àdúrà ìdájí láìsí pé ẹnikẹ́ni wà mọ́tò gbé àwọn, kí aláta kan wà nítòsí tí ó mọ orúkọ àwọn, kí ẹnì kan sì wà tí yóò kan ilẹ̀kùn bí àwọn kò bá tíì ṣí i títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọn kò mẹ́nu kan odò rárá.

Mo rí i pé ohun tí Màámi ń sọ náà ni Bàbá ń wá, orúkọ ni wọn kò mọ̀ ọ́n pè. Ẹni tí ó ti fi ọdún 35 gbọ́ ariwo mọ́tò yóò rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìsinmi. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá dákẹ́ jù, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ bí àgbàlagbà bá ṣubú nínú balùwẹ̀. Bàbá olùkọ́ tí mo bá pàdé kò bá má sí láyé mọ́ bí kò bá sí àwọn ọmọ àdúgbò òkè.

Àwọn ẹbí ọ̀rẹ́ mi kò tíì ra ilẹ̀ kankan. Wọ́n háyà ilé kan ní àdúgbò tí ó ga ju odò lọ, wọ́n sì ní àwọn yóò lo òjò kan níbẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹ̀yin náà nìyẹn. Ẹ háyà kí ẹ tó rà. Ẹ padà lọ wo ilẹ̀ náà nínú oṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wo ẹ̀yìn ògiri àwọn tí ó ti ń gbé ibẹ̀, kí ẹ sì bá ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá alágbàtà sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ ṣírò bí ọ̀nà ibẹ̀ yóò ti rí ní aago méjì òru nínú òjò, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ní ti Bàbá, wọ́n ti rí àga kan gbé sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n háyà náà. Láti ibẹ̀, wọ́n ń rí odò náà lókèèrè. Màámi ní ní ọjọ́ kẹta tí àwọn dé ni aláta ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènì sí ata àwọn.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò mu. Ẹ jẹ́ kí ibi tí a óò ti fún wọn lọ́mú jẹ́ ibi gbígbẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.