Ó Yẹ Kí Òfin Bọ́ọ̀lù Mẹ́nu Ba Ojú Ìrán

Òfin kejì nínú òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló sọ irú bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n gbé wọ pápá. Ó ní kó rí roboto, kí àyíká rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, kó wọn gíráàmù 410 sí 450, ó sì sọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ṣùgbọ́n kò sọ bí ara bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ dán tó, kò sì mẹ́nu ba ojú ìrán rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò lójú òfuurufú wà. Tí wọn kò bá dí àlàfo yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀lù ni yóò máa pinnu ohun tó yẹ kí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù àti ọwọ́ aṣọ́lé pinnu.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ní Gúúsù Áfíríkà fi èyí hàn kedere. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí a mọ̀ ní abala 32 tí wọ́n fi okùn rán pọ̀. Jabulani tí Adidas ṣe fún ìdíje náà kò ní ju abala mẹ́jọ lọ, ooru ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n. Èèyàn lè rò pé ohun tó bá dán ni afẹ́fẹ́ kò ní dá dúró, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń fò, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń rọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí ara náà bá dán, afẹ́fẹ́ yìí á tètè já kúrò, á sì fi ìrúkèrúdò tó fẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń fi ìgbì sílẹ̀; ìrúkèrúdò yẹn ló ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Ojú ìrán tó jinlẹ̀ máa ń da afẹ́fẹ́ tó rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù náà rú, dídàrú yìí ló sì ń jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀, tí ìfàsẹ́yìn fi ń dínkù.

Eré tí dídàrú afẹ́fẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ lára Jabulani ga ju ti bọ́ọ̀lù abala 32 lọ, ó sì bọ́ sí àárín eré tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń gbá fríkíìkì. Rabi Mehta, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ibùdó Ames ti àjọ NASA, ṣàlàyé pé bí bọ́ọ̀lù náà bá fò láìyí, tí eré rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 72 sí 80 ní wákàtí kan, ó máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú ìrán apá kan á da afẹ́fẹ́ rú, apá kejì á sì dán. Èyí yàtọ̀ sí fríkíìkì tí Roberto Carlos ti Brazil gbá sílé Faransé lọ́dún 1997. Yíyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí bọ́ọ̀lù ló mú un kọrọ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ sì nìyẹn. Ní ti bọ́ọ̀lù tó ń fì, ẹni tó gbá a gan-an kò mọ ibi tó ń lọ.

Àwọn kan ní òkè tí Johannesburg wà ló fà á. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, ó sì ń yí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń rìn padà. Ṣùgbọ́n ibùdó Ames tí wọ́n ti yẹ bọ́ọ̀lù náà wò kò jìnnà sí etíkun California, kò sí òkè kankan níbẹ̀ tí a lè di ẹ̀bi rù.

Àwọn mìíràn ní bọ́ọ̀lù kan náà ni gbogbo ikọ̀ gbá, pé ẹni tó mọṣẹ́ á mú ara bá a mu. Wọ́n á tọ́ka sí Diego Forlán ti Uruguay, tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà, àti Vincent Enyeama, aṣọ́lé wa, tó dá Messi dúró léraléra nígbà tí Super Eagles pàdé Ajẹntínà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ Enyeama yìí kan náà lọ́wọ́, Greece sì gbá a wọlé, góòlù tí wọ́n fi borí wa. N kò sọ pé Jabulani ló ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé pẹ̀lú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ya àṣìṣe aṣọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára àléébù bọ́ọ̀lù. Ìdíje tí a kò ti lè mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí oríire ń rẹ́ olúborí àti ẹni tó pàdánù jẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òfin bẹ́ẹ̀ á dí ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́. Brazuca, tí wọ́n lò ní Brazil lọ́dún 2014, kò ní ju abala mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ojú ìrán rẹ̀ gùn ju mítà mẹ́ta lọ, nígbà tí ti Jabulani jẹ́ nǹkan bíi mítà méjì; ó sì jìn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi fò geere. Iye abala kọ́ ni kókó, ojú ìrán ni. Nítorí náà, kí FIFA àti IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, kọ ọ́ sínú òfin pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò nínú atẹ́gùn wò kó tó wọ ìdíje, kí àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ìwọ̀n gíráàmù bá tó fi òfin dè, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.