Ikú orí tẹlifíṣọ̀n



Ọ̀rọ̀ fíìmù tí à ń wò nílé ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe eré kan láti 2008 sí 2012, 1000 Ways to Die, oríṣiríṣi ikú àràmàǹdà ni wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwa náà ní tiwa: mágùn. Ta ni kò tíì wò ó rí, tí ọkùnrin á tàkìtì lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí kó kọ bí àkùkọ, tí á sì kú fin-ínfin-ín, tí àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Thunderbolt: Magun, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2001, látinú ìtàn tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Ọkọ fura sí ìyàwó rẹ̀, ló bá fi mágùn sí i lára. Ẹ gbọ́ o, obìnrin náà ò ṣe àgbèrè kankan. Ìfura lásán ni. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló sì gba ẹ̀mí là níbẹ̀, kò dà bí àwọn fíìmù tí babaláwo ò ti níṣẹ́ mìíràn ju kó pààyàn lọ.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Lóde òní, bí ọkùnrin bá ṣubú lójijì tó kú, kí òkú tó tutù ni wọ́n á ti ní mágùn ni, kí ìyàwó jẹ́wọ́. Opó tó yẹ ká rẹ̀ lẹ́kún á wá di apànìyàn. Èmi ò ní sọ fún yín pé mágùn ò sí. Ṣùgbọ́n àwa ará Ọ̀fà tí a mọ ìjàkadì bí ẹní mowó, a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣubú ni ẹnìkan dá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa èèyàn láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn lójú wa. Ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lóko, lọ́jà, tàbí lórí ibùsùn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dákú nílé yín, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ikú bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ẹ rí nínú fíìmù. Ifá ni Ẹlẹ́rìí ìpín. Awo tó bá nawọ́ sí opó láìdá Ifá, ẹ sá fún un.

Bí fíìmù bá tán, òṣèré tó kú á dìde, á gbowó rẹ̀ lọ sílé. Opó tí a bà lórúkọ jẹ́ ńkọ́?

Kí Ọ̀rúnmìlà bá wa yẹ ikú òjijì. Àbọṣíṣẹ.