Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Ìdí Igi Ọjà Wa

Ọ̀rọ̀ àwọn igi tó ń ṣíji bò wá lọ́jà la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ibòòji ń ṣe fún ọjà títà. Ẹ̀fọ́ tí oòrùn bá pa láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti rọ. Ta ni yóò rà á ní iye tí a pè é? Tòmátì á máa ṣomi, ẹja tútù á máa rùn. Àwọn tó gbin igi òdán sáàárín ọjà láyé ọjọ́un mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ̀ka àwọn igi kan ti ń gbẹ láti orí wá. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn ní igi ti darúgbó. Èrò tiwa ni pé ìdí igi ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Kí là ń dà sídìí igi? Ẹlẹ́ja á da omi iyọ̀ síbẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Alákàrà á da òróró tó ti lò tán àti eérú tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata á da ọ́ìlì dúdú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbá ewé jọ sídìí igi kan náà, a ó ṣáná sí i. Háà, ṣé bí a ṣe ń ṣe olóore nìyẹn?

Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi fi ń jẹun wà nítòsí òkè ilẹ̀, kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ sísàlẹ̀, ó sì máa ń tàn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ti tẹ̀ le, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ọ́, omi òjò á kàn ṣàn kọjá ni. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ àbá àwọn tó ní kí ẹgbẹ́ lẹ sìmẹ́ńtì títí kan ara igi. Á mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí igi bá kú, owó agbòòrùn ńlá la ó máa ná. Ó kéré tán, kí á fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ yí igi ká. Tó bá lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa jù.

Oúnjẹ igi ò sì jìnnà sí wa. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háríhá àgbàdo, ewé ẹ̀fọ́ tó ti bàjẹ́, owó là ń san kí wọ́n tó bá wa kó o dànù. Kí á gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ọjà, kí á máa dà wọ́n síbẹ̀. Kí á ṣa ọ̀rá àti ike kúrò, kí á má sì fi ẹran, ẹja tàbí oúnjẹ sísè sí i nítorí eku. Kí ó máa tutù díẹ̀, kí á máa yí i lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ní bí oṣù 3 sí 4, yóò di ajílẹ̀ dúdú tí kì í rùn. Ṣebí gbogbo wa la ti rí bí ìbẹ́pẹ orí àkìtàn ṣe ń sanra. Kí á tẹ́ ajílẹ̀ yìí bí íǹṣì 3 sórí ilẹ̀, kó má kan ara igi, kí èèpo rẹ̀ má baà jẹrà. Ekòló á wá fúnra wọn, wọ́n á bá wa tú ilẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ni kí ẹ má dà síbẹ̀ o, ó máa ń jó gbòǹgbò.

Àwọn kan á ní ìdọ̀tí la fẹ́ kó jọ. Rárá o. Ìdọ̀tí ni èyí tí a ń sun lójú ọjà, tí èéfín rẹ̀ ń wọ ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin Ìyálọ́jà, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ìpàdé tó ń bọ̀: kí ẹlẹ́ja ní gọ́tà tirẹ̀, kí iná dídá dópin nídìí igi, kí á sì yan àwọn tí yóò máa bójú tó kòtò ajílẹ̀. Àwọn tó gbin igi wọ̀nyí ò mọ̀ wá rí, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà bá a níbẹ̀.

Ajé á bá wa jókòó o. Àṣẹ.