Ìsàmì Kì Í Ṣe Ìwé Ẹ̀rí Lásán

Ọ̀rọ̀ ìsàmì ni a fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Adó-Odò, ní Ọ̀tà àti ní Sango sọ lónìí. A kò sọ ọ́ láti dá ìjọ kan láre tàbí láti dá òmíràn lẹ́bi. Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wá omi ìsàmì nítorí ohun mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ń wá a nítorí pé àlùfáà yóò béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó so òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pọ̀. Àwọn òbí ń wá a nítorí àsè àti aṣọ ẹbí, àní bí wọn yóò tilẹ̀ jẹ gbèsè lé e. Nígbà tí ọjọ́ bá sì kọjá, a ó fi ìwé náà sínú àpótí, a ó sì gbàgbé ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀ràn náà ti rí láàárín àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lẹ́rú. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sierra Leone. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀ ni a sàmì fún un. Ó kọ́ ìwé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó sì di ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 kí a tó pè é ní Samuel Crowther. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ.

Nígbà tí ó ti di àlùfáà, tí ó sì dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ Àfàlà ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n nípá. Ta ni ìbá bá ọmọ bẹ́ẹ̀ wí bí ó bá ní kí a sàmì fún ìyá òun ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an? Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 ni a tó sàmì fún ìyá àgbà náà, tí a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì. Ó ju oṣù 17 lọ tí ó fi dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ inú rẹ̀ ni àlùfáà.

Ìdúró náà kò já sí asán. Ní 1849, ọdún tí ó tẹ̀lé e, inúnibíni dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta. A nà wọ́n, a sì fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà. Ẹni tí kò mọ ìdí tí òun fi wọ inú omi kì bá lè dúró ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wí pé, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé ìwẹ̀fà ará Etiópíà kò dúró ju ìgbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé etí omi lọ, àti pé ní òru kan náà ni a baptisi onítúbú ìlú Fílípì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé wòlíì Isaiah ni ìwẹ̀fà náà ń kà nígbà tí Fílípì bá a, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Onítúbú náà wẹ ọgbẹ́ àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kí a tó baptisi rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe iye ọjọ́ ni a ń kà, bí kò ṣe òye àti ìyípadà ọkàn. Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Róòmù pé a sin wá pọ̀ pẹ̀lú Kristi nínú baptismu, kí àwa náà lè máa rìn nínú ayé titun. Òkú kì í padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Láti ìgbà tí CMS ti rán James White wá sí Ọ̀tà ní 1854, títí di ìsinsìnyí tí àwọn ìjọ ńláńlá ti tẹ̀dó sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, oríṣìíríṣìí ọ̀nà ni a ti ń lò. Àwọn kan ń wọ́n omi sí ọmọ ọwọ́ lórí. Àwọn mìíràn ń ri àgbàlagbà bọ inú omi pátápátá. A kò ní dá sí ìjà náà. Ọmọ ọwọ́ kò lè jẹ́ ẹ̀jẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú bàbá àti ìyá ìsàmì ni ó jẹ́ ẹ fún un, ọrùn wọn ni ó sì wà títí ọmọ náà yóò fi gbọ́njú.

Níbo ni a ó ti wá mọ ẹni tí a sàmì fún? Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń kọ orin níbẹ̀. Lọ́jà ni a ó ti mọ̀ ọ́n, níbi tí àwọn kan ti ń tẹ ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà kún un. Ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ Sango ni a ó ti mọ̀ ọ́n, bí ẹni tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ bá kọ̀ láti gba rìbá lọ́wọ́ ọmọ tálákà. Òǹtajà tí a rì bọ omi, ṣé òṣùwọ̀n rẹ̀ kù sí etí odò ni?

A bẹ àwọn àlùfáà wa pé kí wọ́n má ṣe kánjú nítorí iye orí tí wọn yóò kà. Kí wọ́n fi àgbàlagbà kan ti ẹni titun kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún kan, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, ṣùgbọ́n ní ilé àti ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dín àsè kù, kí ẹ sì fi kún ẹ̀kọ́. Àti ẹ̀yin tí ìwé ẹ̀rí yín ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ mú un jáde lálẹ́ òní, kí ẹ wo orúkọ tí a kọ sí i, kí ẹ sì bi ara yín bí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà ti pa ẹ̀jẹ́ rẹ̀ mọ́.