Aago Ò Lè Bá Àǹtí Mi Rìn

Lọ́dún tó kọjá, mo ra aago ọwọ́ kan fún àǹtí mi. Irú èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ ni, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi gbogbo ohun tó bá kà ránṣẹ́ sórí fóònù. Àbúrò ìyá mi ni àǹtí yìí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń gbé ní Bruma, ní ìlà-oòrùn Johannesburg. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ gba oògùn ni nọ́ọ̀sì ń rán wọn létí pé kí wọ́n máa rìn. Àǹtí mi á ní àwọn ti gbọ́. Wọn kì í rìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Mo ti so aago náà mọ́ fóònù tèmi, nítorí náà, ibikíbi tí mo bá wà ni mo ti ń rí i: 3,000 ìṣísẹ̀ lọ́jọ́ kan, 4,500 lọ́jọ́ kejì. Bí òǹkà bá kéré, mo máa ń pè wọ́n láti rojọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òǹkà fò dé 14,000. Mo pè wọ́n, mo kí wọn kú oríire. Nígbà tí mo délé lálẹ́, ọwọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje tí kì í jókòó, ni mo ti bá aago náà. Àǹtí mi wò mí lójú, wọ́n ní, "Ṣebí òǹkà lo fẹ́? Mo ti bá ọ wá ẹni tó máa kó o jọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ìrìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bí iṣan ara bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kódà nígbà tí ínsúlíìnì ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní kí àgbàlagbà tó ní àrùn yìí máa ṣe eré ìmárale fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ní South Africa tí a wà yìí, àkọsílẹ̀ ìjọba fún ọdún 2016 fi hàn pé àtọ̀gbẹ ló wà lókè pátápátá nínú àwọn ohun tó pa obìnrin.

Orílẹ̀-èdè yìí náà sì wà lára ibi tí fífi aago ti àwọn ènìyàn sí ìrìn ti gbilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò Discovery, tí Adrian Gore dá sílẹ̀ ní 1992, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Vitality. Bí o bá rìn tó, tí aago sì jẹ́rìí sí i, wàá gba ẹ̀bùn. Ní 2018, RAND Europe tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tó lé ní 400,000 ènìyàn ní Britain, Amẹ́ríkà àti South Africa. Àwọn tí wọ́n gba aago Apple, tí iye tí wọ́n máa san lé e sì dúró lórí bí wọ́n bá ṣe ń ṣe eré ìmárale tó, fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kún ọjọ́ tí wọ́n ń lò ara wọn lóṣù. Mi ò bá ìyẹn jiyàn. Aago wúlò.

Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Pittsburgh tẹ àbájáde iṣẹ́ ọdún méjì jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fọn. Gbogbo wọn ló ń gba ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti eré ìmárale. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn fọn ní kílò 3.5; àwọn tí wọn ò fún fọn ní 5.9. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́fà péré ló ní adójútòfò ìlera ní South Africa. Ilé ìwòsàn ìjọba ni àwọn yòókù ń lọ, bíi ti àǹtí mi. Kò sí ẹ̀bùn tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti àǹtí mi, mo bi wọ́n ní ohun tí mi ò bi wọ́n rí: "Ẹ̀yin, kí ló dé tí ẹ kì í rìn?"

Èsì mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Èkíní: "Aago tó ń tàn lọ́wọ́, fóònù nínú àpò, kí n wá máa dá rìn ní títì Joburg? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jà mí lólè ni?" Ẹni tó bá mọ ìlú yìí kò ní pe ìyẹn ní àwáwí.

Èkejì ni pé aago ń dójú tì wọ́n. Láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti fi 10,000 ìṣísẹ̀ sí i. Orúnkún àǹtí mi kò lè ṣe ìdajì rẹ̀, nítorí náà, lálaalẹ́ ni aago ń sọ fún wọn pé wọn ò yege. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ọjà lásán ni òǹkà yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ní 1965, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde, wọ́n sì fi 10,000 sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà ní Amẹ́ríkà, ikú àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lóòjọ́ ti dín sí ti àwọn tó ń rin 2,700. Lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, èrè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. "Nílé, mo máa ń rìn lọ sọ́jà, mo máa ń rìn lọ kí ènìyàn. Níbí, ta ni mo fẹ́ lọ kí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti náwó sórí aago, mi ò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá wọn rìn rí. Mo ti sọ ẹ̀rọ di ọlọ́pàá, mo sì rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe.

A yí nǹkan padà. Mo yọ aago kúrò lórí fóònù mi, mo so ó mọ́ tiwọn. Àwọn fúnra wọn ló yan 4,000. Ìyá kan wà nínú ọgbà tí a ń gbé, òun náà ní àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn méjèèjì á yí inú ọgbà po fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú géètì, lábẹ́ iná. Àkókò yẹn dára púpọ̀. Ní Otago, ní New Zealand, ìwádìí kan ní 2016 fi hàn pé rírìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń dín ṣúgà tó ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ kù ju kéèyàn fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn nígbàkigbà tó bá wù ú. Ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Tó bá di Sátidé, èmi náà á tẹ̀ lé wọn lọ sí Eastgate, a ó yí inú ibẹ̀ ká kí èrò tó kún.

Ṣúgà wọn wálẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Mi ò ní sọ pé aago ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀ oògùn wọn náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń rìn, kò sì sí ẹni tó ń lé wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, tí ẹ ń fi aago ránṣẹ́ sílé fún òbí, ẹ gbọ́ o. Ẹ má ra èyí tí wọ́n bá ní ó ń wọn ṣúgà láìgún ìka. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí ìkankan nínú irú rẹ̀. Bí òbí yín bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, kí wọ́n bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi kún ìrìn wọn, nítorí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan iye tí wọ́n lè rìn. Kí ẹ tó sanwó aago, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n máa bá rìn. Bí wọn ò bá rí ẹnì kankan dárúkọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.