Ẹ Bi Táyà Léèrè Kí Ẹ Tó Dá Dẹ́rẹ́bà Lẹ́bi

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń ṣe àtìpó ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ná ọ̀nà Port Harcourt. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á tán.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, a pe dẹ́rẹ́bà kan wá jẹ́jọ́. Táyà méjì tí ọ̀gá rẹ̀ rà ní Port Harcourt, tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta, bẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ kí ó tó dé Makurdi, nígbà tí ó ń kó ẹrù bọ̀ wá sí Jos. Ọ̀gá ní eré àsápajúdé ni. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kẹta ní ayédèrú ni àwọn ará Port Harcourt tà fún un. Ni ìpàdé bá pàṣẹ pé kí a máa yọ owó táyà náà nínú owó oṣù dẹ́rẹ́bà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kan wà níta tí a kò pè: táyà náà gan-an.

Èmi jáde lọ wò wọ́n. Nínú ikùn táyà ti inú, mo bá ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú. Táyà kì í ní irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá ti sáré pẹ́ láìní afẹ́fẹ́ tó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tí ó ń nà, tí ó sì ń gbóná. Ìdérí ibi tí a ń gbà fa afẹ́fẹ́ sí i kò sí níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde. Èkejì rẹ̀ tí ó wà níta ni ó ń ru ẹrù àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ya gbọọrọ bí ìgbà tí a ṣí síìpù: àwọn wáyà inú rẹ̀ ti rẹ̀, wọ́n sì já tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Wọ́n kọ 156/150 sí ara táyà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó bá dá wà, yóò gbé kílò 4,000. Bí ó bá ní ìkejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 3,350. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti ru tirẹ̀, 6,700 ni yóò wó lé ìkejì lórí. Eré a máa fi ooru kún ooru, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà tí kò tilẹ̀ sáré, ibo ni yóò gbà bọ́?

Ẹ ó ní òun ni kí ó máa yẹ táyà wò. Òótọ́ ni. Kí ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀gá kò ra géèjì. Irin ni ọmọ ọkọ̀ fi ń gbá táyà. Bí ó bá ti dún, ó parí. Táyà tí ó yẹ kí ó ní 110 tí ó ti bọ́ sí 88, etí kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ táyà ka irú rẹ̀ sí èyí tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn ayédèrú ńkọ́? Nọ́mbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn tí ó wà lára táyà náà ni 0818: ọ̀sẹ̀ 8 ọdún 2018. Àjọ SON ní táyà kò gbọdọ̀ ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí a ti ṣe é. Ó ń dán lójú ni, ó ti gbó. Ọ̀gá rí i pé owó rẹ̀ kéré, kò sì ka nọ́mbà. Kí ni ó wá kan ìlú Port Harcourt níbẹ̀? Nígbà kan rí, Michelin ń ṣe táyà níbẹ̀, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Ti àkọ́kọ́ dáwọ́ dúró ní 2007, èkejì ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá, òmíràn ti pẹ́ nílé ìkẹ́rù, òmíràn ni wọ́n kì sínú ara wọn títí wáyà etí rẹ̀ fi wọ́. Bí a ti ń rí wọn ní Port Harcourt ni a ń rí wọn ní Kano. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, tí a mọ bí ó ti ń dunni kí a torí ẹnìkan ba gbogbo ẹ̀yà jẹ́, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu wa jáde.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ ṣe nìyí. Kí a dá owó dẹ́rẹ́bà náà padà. Kí a má ṣe gbọ́ ẹjọ́ táyà kankan mọ́ láìjẹ́ pé a gbé táyà náà wá. Kí olówó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ra géèjì, kí a sì máa wọn táyà ti inú àti ti ìta láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Kí ẹrù má ṣe ju agbára táyà lọ.

Bí olówó ọkọ̀ kan bá ní owó géèjì ti pọ̀ jù, kí ó dìde ní ìpàdé kí ó sọ ọ́ lójú ìyàwó àti ọmọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀.