Ìwé ìlànà tí kò yé aláta, ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ó dà bíi pé àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà ẹ̀rọ POS àti áàpù báńkì náà kò mọ̀ pé àwọn oníṣu àti aláta Ọ̀yìngbò wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Lọ́dún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó tí à ń fọwọ́ kà kù nílùú Èkó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò kọbi ara sí i. Ìgbà tí náírà dàwáti níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ wọn tó fi tipátipá gbà á wọ ìsọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "pending". Ìwé ìlànà á ní iṣẹ́ náà kò tíì parí, ó tán. Ìyẹn kọ́ ni aláta fẹ́ mọ̀. Oníbàárà ti di ata sínú báàgì, ó ń wo ọkọ̀ Yábàá. Ṣé kó máa lọ ni àbí kó dúró? Ohun tó yẹ kí ìwé náà wí ni pé owó ọ̀hún lè wọlé, ó sì lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, nítorí náà, kí ọjà má kúrò ní ìsọ̀ títí owó á fi hàn nínú àkáǹtì ẹni tó tà á. Ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí, bó tilẹ̀ kọ "successful" gàdàgbà. Bí POS bá sì kọ káàdì, tí báńkì ti yọ owó, kí wọ́n fún oníbàárà ní bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, báńkì tirẹ̀ ni yóò mú ẹjọ́ lọ.

Àwọn kan á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwáwí ni. Microsoft ti ṣe Windows ní Yorùbá rí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan kò tó. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá ẹlẹ́ja nípa "ìfìdí-ìdánimọ̀-múlẹ̀ onípele méjì", òyìnbó ló ṣì ń gbọ́, aṣọ òkè ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. Nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bó bá pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì: ìyẹn á yé e. Orúkọ bọ́tìnì nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà lójú ẹ̀rọ, nítorí òun ni ojú ìyá ẹlẹ́ja máa wá.

Kò ná iléeṣẹ́ kankan ní owó gọbọi láti gbé ìwé náà dé Ọ̀yìngbò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n fún ọmọọṣẹ́ kan tí kò lo ẹ̀rọ náà rí, kí wọ́n panu mọ́, kí wọ́n wo ibi tí ìka rẹ̀ ti dúró. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti tún un kọ.